Iye Tí Wọ́n Kọ Àti Iye Tí Wọ́n Gbà

Ẹ̀yin ará wa ní Ungwan Romi, a kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá tí a kò lè gbé mì mọ́.

Bí ìyá wa kan bá dé ọjà Sabon Tasha láti ra ìrẹsì mudu kan, gbogbo ìsọ̀ ni yóò mọ̀ pé ó dé. Yóò ná an ní Hausa, yóò ná an ní Yorùbá, yóò ṣe bí ẹni tí ń lọ, wọn yóò sì pè é padà. Bí wọ́n bá wọn ọjà tán, yóò tún béèrè ènì. Àádọ́ta náírà kò lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lásán.

Ìyá yìí kan náà ni a bá pàdé ní ilé ìtajà onígíláàsì kan. Náírà 1,200 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pẹpẹ lábẹ́ agolo mílíìkì. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí ń gba owó, ẹ̀rọ wí pé 1,450. Ìyá wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ náà, ó sì fún un ní 1,500. Súwíìtì méjì ni wọ́n fi ṣe ṣẹ́ńjì fún un. Súwíìtì! Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra.

A bi í léèrè pé èéṣe tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń ná ọjà, àti pé òun kò fẹ́ kí àwọn tí ó tò sẹ́yìn wí pé Yorùbá tún ti dé pẹ̀lú ariwo wọn.

A kò lè dá a lẹ́bi, àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ná ọjà níbẹ̀? Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá iye lé e, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì tún ná an sókè nígbà tí a ti ṣí àpò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà, ní abala 115, wí pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí ó kọ síta lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FCCPC ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Garki, Àbújá, lórí irú ọ̀ràn yìí gan-an.

A mọ̀ pé owó ọjà ń gòkè láàárọ̀ lálẹ́, ọmọ ìsọ̀ sì lè má ráyè pààrọ̀ ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi oníbàárà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ní irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ni a ń bá wí.

Ìyá wa ní òun yóò padà lọ. Ó ti fi súwíìtì méjèèjì pamọ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fi sanwó.