Oṣù Inú Ìtàn Kì Í Ṣe Oṣù Ààwẹ̀



Àwọn kan ń sọ pé èèwọ̀ ni kí ọmọ Mùsùlùmí tó ń kọ ìtàn àròsọ dá oṣù àti ọjọ́ sílẹ̀ fún ìlú inú ìtàn rẹ̀. Súúrà Taobah, āyà 36 àti 37, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ní oṣù 12 ni oṣù, Ó sì bá àwọn tó ń sún oṣù kiri wí. Ṣùgbọ́n oṣù gidi ni àwọn kèfèrí Lárúbáwá sún, kí wọ́n lè jagun nínú oṣù ọ̀wọ̀. Ta ni yóò gba ààwẹ̀ nítorí oṣù inú ìwé ìtàn? Tolkien, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ṣètò oṣù 12 ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ fún àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ tó ṣẹ́kù sí ìta oṣù. Oṣù ta ni ó bàjẹ́?

Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ ìtàn ìlú tí kò rí òyìnbó rí, síbẹ̀ akọni ibẹ̀ ń dá àdéhùn “Mọ́ńdè, aago méjì”. Ṣé àwọn baba wa kò mọ ọjọ́ kà ni? Ọrún, ìsán àti ìtàdógún ni wọ́n fi ń ka ọjà, tí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ 4, 8 àti 16 nìyẹn. Nígbà tí Ìsìláàmù dé, Àtìní, Àlàmísì àti Jímọ̀ wọlé. Títí di òní, bí a bá ní “lẹ́yìn ìrun Àlàásárì” ní Olúpọ̀nnà, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè aago.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti òrìṣà ni ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, ẹ bi í pé orúkọ ta ni Tọ́sìdeè tó ń pè? Orúkọ Thor, òrìṣà àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ni. Kíka ọjà kì í ṣe ìbọ.

Ààlà kan ṣoṣo ni a pa: ẹni tó bá dá kàlẹ́ńdà sílẹ̀, kí ó má purọ́ pé ogún àwọn baba ni, kí ó má sì mú un wọ inú ẹ̀sìn. Sayyidinā Umar pàápàá, ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún ni ó fi lélẹ̀, láti Híjírà. Kò fi oṣù kan kún 12.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ̀wé. Kí ẹ tó sọ oṣù lórúkọ, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú yín ń ṣe, ọjà tí wọ́n ń ná àti òṣùpá tí wọ́n ń wò. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.