Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ́: Ẹ Tún Orin Mísà Ṣe

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì bá tò lọ gba Ara Kristi, tí akọrin ń kọrin nípa ẹ̀jẹ̀ Olúwa, bí ohùn orin bá gòkè ní sílébù kejì, ẹ̀jẹ̀ ti di ẹ̀jẹ́ nìyẹn. Bí ohùn kò bá sì lọ sílẹ̀ fún ìyè, iye ni etí ń gbọ́, bí ẹni pé ọjà ni wọ́n ń ná níwájú pẹpẹ.

Ohun tó fà á kò farasin. Orin òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n wá ń ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú rẹ̀. Èdè tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń fi dò, re, mí kọ́ àmì ohùn rẹ̀ kò gba irú ìkìbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́òkúta ni àwáwí kò ti yẹ jù lọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà tó gba orin 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1922. Èdè Yorùbá ló fi kọ wọ́n, ayé sì gbọ́. Kì í ṣe pé òfin ìjọ kọ̀ ọ́ fún àwọn Kátólíìkì náà: ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, 1963, Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì fọwọ́ sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún orin àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí ìhìnrere dé, kí wọ́n sì fún un ní àyè tó tọ́ sí i. Ó ti lé ní 60 ọdún.

Àwọn kan yóò ní orin àtijọ́ ló ń fa omijé àwọn àgbà, ìlù yóò sì sọ ṣọ́ọ̀ṣì di òde àríyá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba orin Látìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló fún orin Gregory ní ipò iwájú. Ṣùgbọ́n Látìn kì í pe ara rẹ̀ ní Yorùbá. Ìlù kọ́ sì ni ẹjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ni. Ìlù lè dákẹ́ pátápátá, kí ohùn ṣì tọ̀nà.

Ìwé kò wọ́n. Ní Òkè-Ìléwó, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ṣe fọ́tòkọ́pì orin fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tó wọ́n ni ìwé orin tó ní àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀dà ń bí ẹ̀dà, àṣìṣe ń bí àṣìṣe, òǹkọrin kò sì rí kọ́bọ̀.

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ ìjọ ní Abẹ́òkúta fi orin lé ọwọ́ àwọn tó gbọ́ orin, tó sì gbọ́ Yorùbá. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ sókè, kí wọ́n tó fi ohùn sí i. Orin tó bá yí ìtumọ̀ padà, kó má dé Mísà. Kí wọ́n san owó fún ẹni tó kọ èyí tó tọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ yẹ kó mọ ohun tó ń sọ.