Ta ni yóò ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún bàbá?

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láàárín wa láti ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ń fẹ́ kí ilé ìwé wa máa fi fóònù sọ fún òbí bí ọmọ bá pa kíláàsì jẹ, tàbí bí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá. Àwa fara mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Paris.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ni kò mọ bó ṣe rí ní ìgbèríko wa? Ọmọ tó bá gba CEP tán ní abúlé, CEG tó máa lọ lè jìnnà. Bàbá á gba yàrá kan fún un ní Ikpinlè tàbí ní Pobè, á gbé gàrí àti àgbàdo sílẹ̀, á padà sóko. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń dá sùn, ó ń dá jí. Ìyá ń rí i lọ́jọ́ ọjà, nígbà mìíràn ó di ìparí oṣù. Láàárín ìgbà yẹn, bó lọ sí kíláàsì o, bó wà lẹ́yìn zémíjàn o, bó ti sọdá bọ́dà lọ wá owó ní Nàìjíríà o, ta ló máa sọ fún wọn? Ìgbà tí oyún bá yọ ni ìyá mìíràn tó ń gbọ́ pé ọmọ òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tiwa, ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi bulletin rán sílé. Èyí tí kò bá dára á “bọ́ sínú odò”, tàbí kí ẹ̀gbọ́n kan fọwọ́ sí i bíi pé bàbá ni. Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ìjọba ti ṣe tirẹ̀ dé ibì kan. EducMaster wà, tí wọ́n ń kọ orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ CEG sí. Èsì ìdánwò wà lórí eresultats.bj, débi pé ẹni tó wà ní Libreville lè mọ̀ pé àbúrò òun yege kí ẹni tó wà ní Massè tó gbọ́. Irinṣẹ́ kọ́ ló wọ́n wa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa dé etí ẹni tó bímọ ló kù.

Faransé ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo bàbá kan ní Tatonnonkon tí fóònù rẹ̀ dún nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Kò mọ̀wé. Ta ló máa pè pé kó wá kà á? Ọmọ náà ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá gbé oúnjẹ! Ọmọ á wo fóònù, á ní: “Bàbá, àwọn oní-fóònù ni, wọ́n ní kí ẹ ra kírẹ́dì.” Bàbá á ní ó dáa, ó parí.

Nítorí náà, ohùn ni kí wọ́n lò. Kí surveillant pe òbí, kó bá a sọ Nàgó fún ìṣẹ́jú kan péré. Owó ìpè náà kò ju agbára APE lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, kí baálẹ̀ àti àwọn òbí yan ẹnì kan tí ẹnu rẹ̀ kò fúyẹ́, kó máa gba iṣẹ́ náà, kó sì lọ jẹ́ ẹ délé. Ẹnu rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí a ò fẹ́ kí máàkì ọmọ ẹnì kan di ọ̀rọ̀ ọjà, tàbí kí wọ́n jù ú sínú WhatsApp fún gbogbo ayé. Òfin 2017-20 ti ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, APDP sì wà tí a lè fẹjọ́ sùn. Ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, ní oṣù kejì ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Marseille fagi lé kámẹ́rà tó ń dá ojú ọmọ mọ̀, tí wọ́n fẹ́ dán wò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé méjì, ọ̀kan ní Nice, ọ̀kan ní Marseille. Bí oníṣòwò kan bá gbé irú rẹ̀ wá bá wa, ká kí i, ká sì sìn ín sọ́nà.

Ohun kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Bí bàbá bá gbọ́ pé ọmọbìnrin òun kò lọ sí kíláàsì, pàṣán ló máa kọ́kọ́ wá. Ṣé ẹ ti bi í léèrè ìdí? Ó lè jẹ́ ebi. Ó lè jẹ́ pé tìṣà kan ló ń sá fún. Òfin 2021-11 wà fún irú tìṣà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló máa fẹjọ́ sùn bó bá jẹ́ ilé ìwé nìkan ló ń pe òbí? Òbí náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó lè pè, kì í sì í ṣe ti dírẹ́kítọ̀ nìkan: ti olórí APE, àti ti obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká dúró de Cotonou. Kí ìwọlé oṣù kẹsàn-án tó dé, kí APE CEG kọ̀ọ̀kan pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ wá síbẹ̀ fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Kí bàbá tó bá sì ń bọ̀ mú nọ́ńbà ìyá ọmọ dání pẹ̀lú tirẹ̀.