Ilé ní Ọ̀yọ́, Iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ bi òṣìṣẹ́ yunifásítì LAUTECH tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ pé kí ló dé tí kò kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ní ronú kó tó fèsì: "Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni." Èsì náà dùn ún gbọ́. Ta ló fẹ́ bá bàbá tó ń jìyà nítorí ọmọ jiyàn? Èmi fẹ́ bá a jiyàn díẹ̀.

Bó bá jẹ́ Houston, ní Amẹ́ríkà, ni bàbá yìí ń gbé, mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Lọ́hùn-ún, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àdúgbò tí o bá sì ń gbé ló sábà máa ń pinnu ibi tí ọmọ rẹ yóò ti kàwé. Àwọn òbí kan ní San Antonio pe ẹjọ́ lórí ètò yìí pé ó ń fìyà jẹ ọmọ tálákà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pàdánù rẹ̀ lọ́dún 1973: adájọ́ márùn-ún ta kò wọ́n, mẹ́rin gbè wọ́n. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ra ilé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè irú ilé ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò kó tó béèrè iye yàrá.

Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ àdáni tí bàbá yìí ń sọ kò bìkítà ibi tí ọmọ ń sùn. Owó ló ń gbà. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sì í ṣe ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọ́n. Ogbomoso Grammar School ti wà níbẹ̀ láti 1952, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ti àdáni kò sì lóǹkà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ká fi ₦2,000 ṣe owó ọkọ̀ àlọ, ká fi ₦2,000 ṣe àbọ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹni tó ń wọ Micra mọ iye tí wọ́n pè é láàárọ̀ òní. Fún ogún ọjọ́ iṣẹ́ lóṣù, ₦80,000 géérégé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí nìyẹn. Odindi òṣìṣẹ́ kan ni bàbá yìí gbà tó ń sanwó oṣù fún, gbogbo iṣẹ́ ẹni náà kò sì ju pé kó gbé e lọ, kó gbé e bọ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, owó lítà epo kan kò tó ₦200 nílé epo. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ń tó ₦1,000. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000, ó di ₦80,000, kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Láàárín àkókò tí mo sọ yẹn, epo fò ju ìlọ́po márùn-ún lọ.

Kí ló wá dá a dúró? Ilé tó kọ́ ni. Ilé tó fi àjẹmọ́nú àti owó àjọ kọ́, tó ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀, kó wá lọ háyà yàrá mẹ́ta, kí onílé máa sọ fún un ìgbà tó yẹ kó pa jẹnẹrétọ̀? Ó le. Ẹ sọ fún un pé kó gba ayálégbé sínú ilé náà, torí Ọ̀yọ́ kún fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ajayi Crowther, ti Emmanuel Alayande àti ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà.

Mi ò dá a lẹ́bi tán. Lọ́dún 2016, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń ti ẹrù owó LAUTECH sí ara wọn lọ́rùn, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó oṣù ò wọlé, òṣìṣẹ́ sì yanṣẹ́ lódì. Òṣìṣẹ́ tó háyà ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, onílé rẹ̀ kò bá wọn yanṣẹ́ lódì. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kàn jókòó síbẹ̀ ni, gààrí nìkan ló ń wá. Láti November 2020 ni Ọ̀yọ́ ti dá ni yunifásítì náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Owó ilé Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lápá Under G àti Adéníkẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni onílé ń retí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin á dáwó jọ gba ibi tí ìdílé kan ń dúnàádúrà lé lórí, ọdún àkọ́kọ́ sì tún ní owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lórí.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé nítorí ilé òun ni òun ṣe ń rìn, mo gbà fún un. Ti ilé ẹ̀kọ́ ni mi ò gbà, nítorí ìrìn náà gan-an ń jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọmọ. Bàbá jáde kí ọmọ tó jí. Ó wọlé lálẹ́, ọmọ ti ń tòògbé lórí ìwé. Wọ́n wá ní kí tíṣà kan máa wá ṣe lésìn fún un nílé, kí ó máa kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀ tí bàbá, olùkọ́ yunifásítì, mọ̀ ju tíṣà náà lọ. Owó lésìn yìí, inú owó ọkọ̀ ló yẹ ká kọ ọ́ sí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ní Switzerland, Bruno Frey àti Alois Stutzer, yẹ ìgbé ayé àwọn ará Jámánì wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Ìwé ọrọ̀-ajé ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń rìn jìnnà ti rí nǹkan gbà dípò rẹ̀, bóyá owó oṣù tó nípọn tàbí ilé tó dẹrùn. Wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìrìn ṣe ń gùn sí i ni ìtẹ́lọ́rùn ń dín kù. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé lálẹ́ tó tún fẹ́ jáde ní ìdájí, ìgbà wo ló fẹ́ sinmi?

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni bí ìyàwó bá jẹ́ olùkọ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́. Lẹ́tà tiransífà ló dá wọn dúró nígbà náà, ẹni tó sì ti lépa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì mọ̀ pé ọdún lè yípo lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà ní SS3, tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ọmọ tó ti dàgbà tó láti gbé ní bọ́díńgì náà kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wọ mọ́tò. Òkè-Igbó ni Fágúnwà ti lọ kàwé ní St Andrew's, Ọ̀yọ́, láti 1926 sí 1929, wọn ò kó ilé tẹ̀ lé e. Ọmọ tó wà ní pámárì ni mò ń sọ. Ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀ ju ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń dúró de ọ̀nà. Kìlómítà 52 láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìjọba àpapọ̀ gbé fún ilé iṣẹ́ RCC lọ́dún 2010, kí àlọ àti àbọ̀ lè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́wàá kọjá, iṣẹ́ ò tíì parí, ọ̀nà àtijọ́ tóóró náà ni tírélà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya àti mọ́tò akérò jọ ń dù. Ọ̀nà tó dáa yóò gba ẹ̀mí là, ìyẹn nìkan sì ti tó ìdí láti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí awakọ̀ tó dín owó ọkọ̀ kù torí pé ọ̀nà dán. Èyí tí mo ń retí ni pé owó ilẹ̀ ní ìta Ọ̀yọ́, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, yóò gòkè kí ọ̀dà ojú títì tó gbẹ.