Oyè Kejì Nínú Ìmọ̀ Ìmú-Ara-Bọ̀-Sípò: Ta Ni A Fẹ́ Kà Á Fún?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀, tí dókítà ti ní kí ó máa lọ sílé, síbẹ̀ tí apá rẹ̀ kò gbé ọkọ́ mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé oko? Kò kú, ṣùgbọ́n kò tí ì padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní ìmọ̀ ìmú-ara-bọ̀-sípò. Àwọn oníṣẹ́ físíò wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa wọ aṣọ, tí yóò tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe fún ẹni tí ẹ̀gbà mú, àti àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú wa ń wá fọ́ọ̀mù láti ka ìmọ̀ yìí lọ sí oyè kejì, nílé àti lẹ́yìn odi. Wọn a kó ìwé ẹ̀rí jọ, wọn a bẹ olùkọ́ mẹ́ta kí wọ́n jẹ́rìí sí wọn, wọn a sì san owó fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fi ojú kékeré wò: kí ni ìdí tí o fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé àwọn fẹ́ ran ọmọ ènìyàn lọ́wọ́, àwọn sì fẹ́ mú ìmọ̀ gbòòrò sí i. Ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n agbádá tí ó bá gbogbo ènìyàn mu kì í bá ẹnikẹ́ni mu dáadáa. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá lè dárúkọ ìlú kan àti ìṣòro kan tí ó fẹ́ gbé ìmọ̀ náà lọ bá, kò tí ì ṣe tán láti gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí á mú Elegbeka, ní ìpínlẹ̀ Òndó, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ̀n, tí ó sì já sí Benin, ni ìlú náà wà. Ọkọ̀ ńlá àti kékeré ń gba ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. A kò sì gbàgbé pé ní Elegbeka yìí ni àwọn oníbọn ti pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Ènìyàn tí ó tó 40 ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́, tí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀. Ìwé ìròyìn ka iye òkú fún wa. Ta ni ó ka iye ọjọ́ tí ẹni tí ọta ìbọn bà ní eegun itan yóò fi kọ́ ìrìn lẹ́ẹ̀kejì?

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Elegbeka já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ọ̀wọ̀. Oníṣẹ́ físíò ní kí ó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó bá ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, owó ọkọ̀ tán, ẹ̀rù ọ̀nà sì ń ba ọmọ tí ń sìn ín lọ. Ó jókòó sílé. Wọ́n ké sí àwọn tí ń to eegun. Nígbà tí ọdún yóò fi yí po, orúnkún ti le gbagidi. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ìmọ̀ náà ni kò rí ọ̀nà dé ilé rẹ̀. Bí a ó ṣe kọ́ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ láti máa ṣe ìtọ́jú náà nílé, àti bí a ó ṣe bá àwọn tí ń to eegun ṣiṣẹ́ láìfi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, iṣẹ́ ìwádìí tí ó tó oyè kejì ni, ó tó ti ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a fi dá ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ní Èkó sílẹ̀ ní 1945. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú iṣẹ́ físíò ní 1966, Èkó àti Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Láti 1988 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ní ayé ni àìsàn tàbí ìpalára wọn fẹ́ irú ìtọ́jú yìí, àti pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tí kò lówó lọ́wọ́, ó lé ní ìdajì àwọn tí ó nílò rẹ̀ tí kì í rí i gbà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kan àwa ẹgbẹ́ Yorùbá gan-an ni ti èdè. Oníṣẹ́ físíò kò lè fi ìwọ̀n wọn ìrora bí a ti ń wọn ìrẹsì. Ó ní láti bi aláìsàn léèrè ni. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe lókè òkun a máa béèrè bóyá ènìyàn lè gun àtẹ̀gùn ilé, tàbí kí ó wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá. Kí ni ó kan ìyá Elegbeka nínú ìyẹn? Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá òun yóò tún lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kí òun jókòó sórí àpótí ti iná, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ ro ẹ̀gẹ́. Bàbá ń ronú bí òun yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ ìdána ọmọ, tí òun yóò sì tún dìde. Àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn ti rí èyí tipẹ́: ní 2007 ni ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún àìsàn oríkèé orúnkún àti ìbàdí, tí a ń pè ní IKHOAM, jáde. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti yí àwọn ìwé ìbéèrè mìíràn sí Yorùbá. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀wọ̀ àti ohùn Ìfọ̀n yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé. Ó yẹ kí ẹnìkan dán àwọn ìbéèrè náà wò níbẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ohun tí a béèrè ni aláìsàn gbọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ta ni ó mọ Elegbeka ní Kánádà tàbí ní ìlú Ọba? Mo dáhùn pé olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, níbikíbi tí ó wà, ìbéèrè tí ó ṣe kedere ni ó ń wá. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ràn ẹ̀dá. Ẹni tí ó bá kọ nípa àgbẹ̀ tí owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí ó parí ìtọ́jú ni wọn yóò rántí. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹni tí ó bá lọ kò ní padà. N kò bú ẹni tí ó lọ, nítorí owó oṣù ilé kò tó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ìbéèrè ilé lọ́wọ́ dání, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ padà, ìdáhùn rẹ̀ lè padà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹni tí ó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìtọ́jú ìgbèríko, kí ó sì kọ ìwé sí olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ìbéèrè náà mu kí ó tó san kọ́bọ̀. Èkejì, kí àwọn yunifásítì wa, pàápàá ti ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Òndó dá sílẹ̀ ní 2015, máa gba àkékúrú ìwádìí ní èdè Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tí a ṣe ìwádìí lára wọn lè gbọ́ ohun tí a rí. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá má ṣe jókòó máa wòran. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ dídá àti ìtumọ̀ ṣíṣe kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ dunjú wúlò níbi ìtọ́jú aláìsàn ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí oníṣègùn mú ìmọ̀ ara wá, kí a mú ìmọ̀ èdè wá, kí àgbẹ̀ Elegbeka lè gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sí èjìká.