Onílàjà Inú Ara

Alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Òwe yìí bá àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mu nígbà mìíràn. Iṣẹ́ tí a rán wọn dára púpọ̀: bí kòkòrò àrùn bá wọ inú ara, wọn a dìde sí i, wọn a sì pa á. Ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sínú aláìsàn tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn ọmọ-ogun kan náà a gbógun ti kíndìnrín yìí. Wọn kò mọ̀ pé àlejò tí ó wá gba ẹ̀mí onílé là ni.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láàrin ìbejì méjì ni iṣẹ́ abẹ yìí ti kọ́kọ́ yọrí, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1954. Inú ẹyin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti wá, nítorí náà kíndìnrín ẹnì kìíní kò ṣe àjèjì sí ara ẹnì kejì. Ní Nàìjíríà, ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó. Ní ọdún 2002, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe é pẹ̀lú, òun sì ni ilé ìwòsàn ìjọba àkọ́kọ́ tí ó ṣe é ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Bí aláìsàn kan láti Alajue ní Ẹdẹ bá gba kíndìnrín, tí ó sì padà sílé, ojoojúmọ́ ni yóò máa lo oògùn tí ń dá ọmọ-ogun ara dúró. Oògùn yìí kò mọ ìjà rere yàtọ̀ sí ìjà búburú. Gbogbo wọn ni ó ń dè lọ́wọ́. Àrùn kékeré a wá di ńlá sí aláìsàn náà lára, àrùn jẹjẹrẹ pàápàá a sì tètè rí ọ̀nà wọlé. Bí owó bá tán tí oògùn sì dá, kíndìnrín tí a fi ìyà rà lè ṣòfò.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ó sàn láti wá onílàjà ju láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́. Ní ọdún 1995, Shimon Sakaguchi ará Jàpáánì fi hàn pé àwọn kan wà nínú ọmọ-ogun ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà. Òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ni ó jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2025. Àwọn oníṣègùn a máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn a ṣa àwọn onílàjà inú rẹ̀, wọn a mú wọn bí sí i, wọn a sì dá wọn padà sínú ara rẹ̀. Nínú ìdánwò kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, ènìyàn 38 ni wọ́n fún ní irú ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀. Àwọn 15 nínú wọn dé ibi tí oògùn kan ṣoṣo fi tó wọn.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀ràn òyìnbó ni èyí, pé ìlú tí iná mànàmáná kò dúró sí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ pọ̀ lónìí, kò sì tí ì rọ́pò oògùn. Aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn tì. Ṣùgbọ́n ta ni ó nílò rẹ̀ ju ẹni tí owó oògùn ń ni lára lọ? Ọdún 46 ni ó wà láàrin iṣẹ́ Boston àti ti Èkó. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ nígbà tí ó ṣì wà ní kékeré, iye tí olóko bá dá lé e ni yóò rà á. Ó yẹ kí ìjọba rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ọ nísinsìnyí, kí àwọn yunifásítì sì pèsè ibi tí wọn yóò ti ṣe é.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò fi òwe yìí ye ọmọ-ogun ara lọ́la.