Ogun Ìmàgbọ̀n: ta ló di ìbọn mú gan-an?

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń bá ara yín fà á lórí TL. Ẹnì kan ní "Ìbàdàn ló ta Ìjẹ̀bú fún òyìnbó," ẹlòmíràn ní "Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ ti ọ̀nà mọ́ gbogbo ayé, ẹ̀san ni." Mo ka gbogbo comment yẹn tán. Mo rẹ́rìn-ín, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó béèrè ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: nígbà tí wọ́n ní òyìnbó wá ja Ìjẹ̀bú lógun ní 1892, òyìnbó mélòó ló wà níbẹ̀?

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká to ìtàn náà fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n. Ní May 1891, Denton, tó ń dí àyè gómìnà l'Ékòó nígbà yẹn, kó ṣọ́jà sẹ́yìn, ó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ, ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà kí ọjà lè máa kọjá. Ó kó ẹ̀bùn dání. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ò gba ẹ̀bùn. Èkó ní ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ àwọn. Gómìnà Carter wá ní dandan ni kí Ìjẹ̀bú wá tọrọ àforíjì. Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, àdéhùn wáyé pé ọ̀nà á ṣí, ìjọba Èkó á sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ sígbà yẹn, Ìjẹ̀bú dá òyìnbó míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà. Ó ti parí. Ohun tí Carter ń wá ló rí yẹn.

£500 o. Lọ́dún. Fún ìlú tí owó ibodè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ bi ìyá yín tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ọjà bóyá ó máa gbà kí ẹnì kan wá fún un ní owó orí báyìí, kó sì gbé tábìlì tirẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò gbà pé orí kunkun lásán ló mú Ìjẹ̀bú kọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìṣirò.

Ogun yẹn ò gba orí ilẹ̀ wá, omi ló gbà wá. Ní 12 May 1892 wọ́n wọkọ̀ l'Ékòó, wọ́n gba orí ọ̀sà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ará Ogun Waterside, ẹ̀yin tó mọ bí omi ṣe so Ẹ̀pẹ́ mọ́ Ìwópin, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín. A máa ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú bíi pé igbó àti ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan ni, àfi bí ẹni pé omi ò sí. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní December 1851. Ẹ̀pẹ́ náà ni Awùjalẹ̀ Fidípọ̀tẹ̀ sá lọ ní 1883 nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà tí ọba ń gbà sá jáde ni ṣọ́jà gbà wọlé.

Ó dáa. Àwọn wo ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?

Olórí wọn ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott, òyìnbó. Àwọn ọ̀gá kéékèèké tó tẹ̀ lé e, òyìnbó. Ẹ lè kà wọ́n tán kí omi tó hó lórí iná. Ẹ wá wo àwọn tó kù: Hausa tó jẹ́ ọlọ́pàá ogun Èkó. Hausa ti Gold Coast, ìyẹn Ghana òní. Àwọn ṣọ́jà West India Regiment, dúdú láti Jàmáíkà, Barbados àti àyíká ibẹ̀. Gbogbo wọn pọ̀ tó 450 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi àwọn ará Ìbàdàn tó tẹ̀ lé wọn kún un, àti àwọn alárùú tó ru ọta, oúnjẹ àti àgọ́ àwọn ọ̀gá lórí. Dúdú, dúdú, dúdú.

Ẹ máà tíì bínú. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn Hausa Èkó kọ́kọ́. Láti nǹkan bí 1860 sókè, Glover bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọkùnrin jọ ṣe ọmọ ogun fún ìjọba Èkó. Níbo ló ti rí wọn? Ẹrú tó sá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú, ní àwọn ìlú tó yí wa ká, wọ́n sáré wọ Èkó, wọ́n gba ìbọn àti aṣọ. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá bínú sí i gan-an, wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó léraléra pé ẹ dá àwọn èèyàn wa padà. "Àwọn èèyàn wa." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni Hausa lóòótọ́. Tó bá yá, "Hausa" di orúkọ iṣẹ́, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ogun Èkó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1892, iṣẹ́ tí ẹrú tó sá lọ dá sílẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá ilẹ̀ tó kó ẹrú. Owó oṣù ni wọ́n ń jà fún, mo mọ̀. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "ara wa ló dalẹ̀ wa," ẹ dákun, ta ni ó dalẹ̀ ta ni? Ẹni tí wọ́n so mọ́ okùn gba ojú ibodè wa kọjá, ṣé ara wa ni wọ́n kà á sí lọ́jọ́ yẹn?

Ti West India Regiment tilẹ̀ wá burú jù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1795. Láti ìgbà yẹn títí di 1808, owó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra èèyàn sí i: ó lé ní 13,000 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n rà bí ẹni ra ẹṣin, tí wọ́n wọ̀ láṣọ pupa. Àwọn tó wá sí Ìjẹ̀bú ní 1892, òmìnira ni wọ́n, ara wọn ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ta ni wọ́n? Etíkun yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn. Ọmọ tí omi gbé lọ, omi ló gbé e padà wá, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé ilé ló dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbàdàn, ó kàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní OOU, ẹ mọ Òrù, ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá àìmọye ìgbà láàárín Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tẹ́ ẹ̀ ń já mọ́tò, tẹ́ ẹ̀ ń ra búrẹ́dì. Nígbà ogun Kírìjì, Òrù yẹn ni Balógun Onáfowókàn tẹ ibùdó ogun Ìjẹ̀bú sí kojú Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú di ọ̀nà mú, ìbọn àti ẹ̀tù tí Ìbàdàn nílò kò rọrùn rí rà. Ṣé ẹ wá rí i? Kò sí ẹnì kankan tó ń jẹ́ "Yorùbá" tó wá dalẹ̀ "Yorùbá" ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀tá tó ti bá yín jà tẹ́lẹ̀ ló rí ẹni tó lágbára tẹ̀ lé. Èèyàn ni wọ́n, ìṣèlú ni wọ́n ń ṣe.

Kí ni Ìbàdàn jẹ níbẹ̀? Ní 1893, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Carter gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà kan náà. Kí ọdún náà tó parí, Ìbàdàn ti fọwọ́ sí àdéhùn, Captain Bower sì ti dé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀. Bower yìí náà ló yìnbọn lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Scott ní tirẹ̀ lọ Kùmásí láti lọ borí Àṣàńtì. Ẹni tó bá ní Ìbàdàn jèrè, kó fi ọjà náà hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú ogun. Láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń jà bọ̀ lójú ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan. Ní 19 May, wọ́n dé odò Yemọjí, lẹ́bàá Ìmàgbọ̀n. Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n ní òdìkejì. Ẹ máà gbọ́ ti àwọn tó máa ń sọ pé ọfà àti oògùn nìkan la ní; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló wà níbẹ̀, ìbọn Snider sì wà lọ́wọ́ wọn, owó ọjà wa la fi rà á. Ohun tí a ò ní ni Maxim. Ìbọn tó ń tu ọta bí òjò àrọ̀ọ̀dá, tí ẹnì kan ń yìn, tí ogun èèyàn ń ṣubú. Ní 20 May, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Òkú Ìjẹ̀bú, ojú ni wọ́n fi bù ú. Àwọn kan sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn kan sọ pé ó tó 1,000. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ Scott wà. Orúkọ Denton wà, Carter wà. Ọmọ tó dúró ní bèbè Yemọjí, tó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú, kó lórúkọ. Hausa tó wọ inú odò tọ̀ ọ́ wá, kó lórúkọ. Ará Barbados náà, àwa ò mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ sì wò ó, ó ṣeé ṣe kí a mọ orúkọ. Ìjẹ̀bú kan wà tó ń jẹ́ Òṣífẹ́kúndé. Ní nǹkan bí 1820, wọ́n jí i gbé lórí omi nígbà tó ń lọ ṣòwò, wọ́n tà á sí Brazil. Ó bá ara rẹ̀ ní Paris nígbẹ̀yìn. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, d'Avezac, jókòó tì í, ó bi í ní orúkọ ìlú, ọjà, odò, òrìṣà, bí wọ́n ṣe ń fọba jẹ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà jáde ní 1845. Wọ́n tiẹ̀ fi ojú rẹ̀ ṣe ère. Ọ̀kan péré tí ẹnì kan bi léèrè, la bá mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ẹnì kan béèrè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí skit àti fíìmù tó ń sọ ìtàn yìí báyìí. Òyìnbó burúkú kan pẹ̀lú irùngbọ̀n, ọba Ìjẹ̀bú kan tó ń pe ọfọ̀, ó parí. Ẹ ò fi Hausa yẹn sí i. Ẹ ò fi alárùú sí i. Tẹ́ ẹ bá sì fi "gàmbàrí" sí i, ẹlẹ́yà ni. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa wá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá pe àwọn tó ń ra obì ní Ṣágámù ní àjèjì tó kàn dé lánàá. Lánàá bí i ti báwo? Bàbá ẹlòmíì nínú wọn ti mọ Yemọjí kí bàbá bàbá yín tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé mo ń gbè lẹ́yìn òyìnbó, kó lọ kà á padà. Wọ́n wá nítorí ọjà, wọ́n pa èèyàn nítorí ọjà. Mo kàn kọ̀ láti sọ pé ọwọ́ wa mọ́ ní ibodè tí wọ́n wá fọ́ yẹn ni.

Ohun tí mo fẹ́ báyìí: ẹ̀yin tó wá láti Ẹ̀pẹ́, Ìmàgbọ̀n, Òrù, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àbìgì, Ìwópin, tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín bá ní ìtàn ogun yìí lẹ́nu, ì báà ṣe oríkì tó dárúkọ ẹnì kan tó kú síbẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè orúkọ. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú agboolé yín tí wọ́n máa ń sọ pé "wọ́n rà á wá ni." Ẹ rọra béèrè ìyẹn o, kí wọ́n má lọ lé yín jáde. Inbox mi ṣí sílẹ̀.